Àtẹ Irinṣẹ́ ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀: Òfin Ìtò àti Àlàfo Inú Rẹ̀

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti yẹ ìtàn bí a ti ṣe ń to irinṣẹ́ ojoojúmọ́ wò ní Àpápá àti ní Ajégúnlẹ̀, kí a sì wádìí bóyá irú àtẹ tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì fi to àwọn ẹ́límẹ́ǹtì lè gba irinṣẹ́ náà. Àdúgbò méjèèjì kò jìnnà síra wọn. Àpápá ni èbúté. Ibẹ̀ ni a ti parí ibi ìgúnlẹ̀ mẹ́rin fún ọkọ̀ òkun ńláńlá ní ọdún 1926, tí a sì so wọ́n mọ́ ojú irin kí ẹrù lè máa lọ sí ilẹ̀ òkè. Ajégúnlẹ̀, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ èbúté fi ṣe ibùgbé. Onírúurú ẹ̀yà ló ń gbé ibẹ̀ pọ̀, mẹkáníìkì, jórinjórin, gbẹ́nàgbẹ́nà àti télọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àpápá ń gba irinṣẹ́ wọlé. Ajégúnlẹ̀ ń lò ó, ó ń tún un ṣe, ó sì ń sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Lóde òní, ó ti di àṣà láti ya àwòrán irinṣẹ́ oríṣiríṣi sínú àpótí kéékèèké, kí ó lè jọ àtẹ kẹ́mísírì. Ojú ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tẹ́ lọ́rùn. Ìbéèrè tiwa ju èyíinì lọ: kí ni òfin tó yẹ kí a fi to irinṣẹ́? Èrò wa ni pé òfin ìtò àti àlàfo tí òfin náà bá fi hàn ni iyì àtẹ. A ó sì gbìyànjú láti fi hàn pé ẹni tó bá to irinṣẹ́ ti sọ, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ta ni a ó kà sí ìmọ̀.

A ó kọ́kọ́ wo àtẹ tí a fẹ́ fi ṣe àwòkọ́ṣe. Lẹ́yìn náà ni a ó wo ìtò mẹ́ta: ìtò Ògún, ìtò owó ibodè, àti ìtò tó dá lórí ọ̀rọ̀-ìṣe.

2. Àtẹ Mendeleev

Ní ọdún 1869, Dmitri Mendeleev, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, to àwọn ẹ́límẹ́ǹtì mẹ́tàlélọ́gọ́ta tí a mọ̀ nígbà náà sínú àtẹ kan. Ó fi ìwúwo átọ́ọ̀mù wọn tò wọ́n láti orí èyí tó fúyẹ́ dé orí èyí tó wúwo. Ó ṣàkíyèsí pé ìwà wọn a máa padà wá lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó sì kó àwọn tí ìwà wọn jọra sí abẹ́ ara wọn.

Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ tọ́ka sí nínú iṣẹ́ yìí. Èkíní, níbi tí ìtò náà ti fi hàn pé ó yẹ kí ẹ́límẹ́ǹtì kan wà ṣùgbọ́n tí a kò tíì rí i, Mendeleev fi àyè sílẹ̀, ó sì sọ irú ìwà tí ohun náà yóò ní. Ní ọdún 1875 ni a rí gallium, ní 1879 a rí scandium, ní 1886 a rí germanium. Gbogbo wọn wá jókòó sí àyè tó ti ń dúró dè wọ́n. Èkejì, ìwà ṣe pàtàkì lójú rẹ̀ ju ìwúwo lọ. Tellurium wúwo ju iodine lọ, síbẹ̀ ó fi tellurium ṣáájú, nítorí pé ìwà iodine bá àwọn ẹbí rẹ̀ mu ní àyè kejì. Ẹ̀kẹta, òfin náà ṣe é tún ṣe. Ní ọdún 1913, Henry Moseley fi hàn pé nọ́ńbà átọ́ọ̀mù ni òfin tó tọ́, kì í ṣe ìwúwo. Ìgbà náà ni a tó mọ ìdí tí tellurium fi yẹ kó ṣáájú. Lónìí, ẹ́límẹ́ǹtì 118 ló wà nínú àtẹ náà.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun ti ṣe irú àtẹ yìí fún irinṣẹ́, ohun tó yẹ kí a bi í ni: kí ni òfin ìtò rẹ̀? Ìwà wo ló ń padà wá nínú rẹ̀? Àlàfo wo ló fi hàn? Bí kò bá sí ìdáhùn, àkọsílẹ̀ ọjà lásán ni ó gbé wá.

3. Ìtò Ògún

Tipẹ́tipẹ́ kí a tó kọ́ èbúté sí Àpápá ni Yorùbá ti ń to irinṣẹ́. Abẹ́ Ògún ni a ń to irin sí. Ọdẹ, àgbẹ̀, alágbẹ̀dẹ, gbẹ́nàgbẹ́nà, olóólà àti onígbàjámọ̀ jẹ́ ọmọ ìdílé kan lójú ìtò yìí, nítorí pé irin ni gbogbo wọn fi ń jẹun. Ìtàn àtẹnudẹ́nu gbà pé méje ni Ògún, a sì máa ń fi oníṣẹ́ irin kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ ọ̀kan nínú méje náà. Ìtò yìí bá àwọn ẹrú Yorùbá kọjá òkun. Ní Cuba, àwọn onígbàgbọ́ Ògún a máa kó irinṣẹ́ kéékèèké sínú ìkòkò irin rẹ̀, iye méje àti mọ́kànlélógún sì jẹ́ iye tí a mọ̀ mọ́ ọn.

Agbára ìtò yìí ni pé kì í lé àlejò. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin àti mọ́tò dé, awakọ̀ àti mẹkáníìkì wọ inú ìdílé Ògún láìsí àríyànjiyàn, sípánà sì di ọmọ ìyá àdá. Ṣùgbọ́n ibi tí agbára rẹ̀ wà náà ni àìlera rẹ̀ wà. Ohun tí a fi ṣe nǹkan àti ẹni tó ń lò ó ni òfin ìtò yìí mọ̀. Kò sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tí àdá ń ṣe àti ohun tí ayùn ń ṣe. Kò sì ní àlàfo, nítorí pé ohunkóhun tó bá ti jẹ́ irin ti ní àyè kó tó dé.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an, irinṣẹ́, gbé òfin yìí sínú. Irin àti iṣẹ́ ni ó pàdé nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń ka irinṣẹ́ lè tipa bẹ́ẹ̀ gbójú fo ohun èlò onígi tàbí aláṣọ, bí ó ti wù kí ó wúlò tó. A ó padà sórí kókó yìí.

4. Ìtò Owó Ibodè

Àpápá fúnra rẹ̀ ní àtẹ irinṣẹ́ tó ń lò lójoojúmọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú àwọn tó ń lo irinṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Èyí ni ìwé ìtò ọjà tí gbogbo àgbáyé jọ ń lò, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1988, tí a mọ̀ sí Harmonized System. Ìsọ̀rí mọ́kànlélógún ló ní, ó sì ní orí mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Láti ọdún 2015, orí rẹ̀ ni àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà gbé òṣùwọ̀n owó ibodè tí orílẹ̀-èdè ECOWAS jọ fẹnu kò sí kà. Ìpele márùn-ún ni òṣùwọ̀n náà ní: òdo, márùn-ún, mẹ́wàá, ogún àti márùndínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún.

Orí 82 ni ilé irinṣẹ́ nínú ìwé yìí. Ọkọ́, ṣọ́bìrì, díígà àti àáké wà ní 82.01, ayùn wà ní 82.02, fáìlì àti pílíà wà ní 82.03, sípánà wà ní 82.04. Òòlù àti owú alágbẹ̀dẹ wà ní 82.05. Ọ̀bẹ wà ní 82.11, abẹ ní 82.12, àlùmágàjí ní 82.13, ṣíbí àti fọ́ọ̀kì ní 82.15. Bí a bá wò ó lóréfèé, ó jọ àtẹ Mendeleev gidigidi: nọ́ńbà wà, ẹbí wà, ipele wà.

Bí a bá fi ojú inú wò ó, a ó rí i pé òfin rẹ̀ yàtọ̀. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ kò sí ní orí 82. Orí 73 ni ó wà, láàárín àwọn ohun tí a fi irin ṣe. Bí ẹ̀rú ọkọ́ tàbí èèkù àdá onígi bá dá wọlé láìsí irin lórí rẹ̀, orí 44 ni yóò lọ, láàárín ohun èlò onígi. Nígbà mìíràn, ohun tí a fi ṣe irinṣẹ́ ni ìwé yìí ń wò. Nígbà mìíràn, oníṣẹ́ tó ń lò ó. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, bí a ti ṣe dì í fún títà, nítorí pé 82.06 jẹ́ ti irinṣẹ́ oríṣiríṣi tí a kó sínú àpò kan fún ọjà. Kò sí àléébù nínú èyí fún iṣẹ́ tí a rán ìwé náà. Kí aṣọ́bodè ìlú kan àti ti ìkejì lè pe ọjà ní orúkọ kan náà, kí a sì mọ iye owó tí a óò gbà, ni a fi ṣe é.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ohun kan sí i. Ìwé náà ní àlàfo: kò sí ohunkóhun ní orí 77. A kàn fi í pamọ́ fún ọjọ́ iwájú ni. Àlàfo Mendeleev sọ irú ẹni tí yóò jókòó sínú rẹ̀. Orí 77 kò sọ nǹkankan. Òfin ló bí ti àkọ́kọ́, ìṣọ́ra ló bí èkejì.

Ohun tó kan Ajégúnlẹ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ohun tó bá gba ẹnu ibodè kọjá nìkan ni àtẹ yìí mọ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Yorùbá a máa fi ègé irin mọ́tò rọ àdá àti ọkọ́. Ewé sípíríǹgì ọkọ̀ ẹrù, tó ní nọ́ńbà 73.20 nígbà tó wọlé, lè di àdá nínú iná alágbẹ̀dẹ. Ó ti kúrò nínú ìdílé kan bọ́ sí òmíràn, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣí nípò. Bí a bá fi ìwé ibodè ka irinṣẹ́ wa, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó rọ àdá náà kò ní sí nínú òǹkà.

5. Ìtò Ọ̀rọ̀-Ìṣe

Ẹni tó sún mọ́ ìtò tí a ń wá jù lọ ni André Leroi-Gourhan, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1943, ó fi bí ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́ pín irinṣẹ́. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta ni irinṣẹ́ fi ń pàdé ohun tí a fẹ́ fi í ṣe: a lè gbé e lé nǹkan kí a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn; a lè gbé e sókè kí a sì jù ú sí i; a sì lè gbé e lé e kí a tó fi nǹkan mìíràn lù ú. Ó tún wo ẹnu irinṣẹ́, bóyá ó gùn gbọọrọ, tàbí ó ṣe ṣóńṣó, tàbí ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Èdè Yorùbá ti ń ṣe irú ìpín yìí tipẹ́. Òòlù bá lù tan, ẹ̀mú bá mú tan, ìkọ́ bá kọ́ tan. Ohun tí ìfági ń ṣe ni fífá igi, ohun tí ìlu ń ṣe ni lílu ihò. Orúkọ irinṣẹ́ wọ̀nyí ń sọ iṣẹ́ wọn. Sípánà, pílíà àti jáàkì kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ tí kò gbọ́ èdè tí orúkọ náà ti wá. A rí òfin kan níhìn-ín: kí a fi ọ̀rọ̀-ìṣe to irinṣẹ́. Bí a bá fi ọ̀nà mẹ́ta àti ẹnu mẹ́ta Leroi-Gourhan dábùú ara wọn, tí a sì fi irinṣẹ́ tó wọ́pọ̀ ní Ajégúnlẹ̀ sínú wọn, ohun tí a ó rí nìyí:

Àtẹ Kìíní

| | Ẹnu gbọọrọ | Ẹnu ṣóńṣó | Ẹnu pẹrẹsẹ |
|---|---|---|---|
| À ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn | ọ̀bẹ, abẹ, ayùn | abẹ́rẹ́, ìlu | ọmọ ọlọ |
| À ń jù ú sí i | àdá, àáké, ọkọ́ | díígà | òòlù, ọmọ odó |
| À ń gbé e lé e kí a tó lù ú | ṣísẹ́ẹ̀lì | pọ́ǹṣì | (àlàfo) |

Ìwà ń padà wá nínú àtẹ yìí. Bí a bá sọ̀kalẹ̀ ní òpó kìíní, irinṣẹ́ tó ń pín nǹkan sí méjì ni a ó máa bá pàdé. Ní òpó kejì, èyí tó ń wọnú nǹkan. Ní òpó kẹta, èyí tó ń fọ́ nǹkan tàbí tó ń mú un tẹ́.

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà tó fẹ́ ba ìtò yìí jẹ́. A ń fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ, a sì ń fi ọmọ odó gún iyán. Ẹnu wọn yàtọ̀, ìlà wọn yàtọ̀, síbẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni Yorùbá fún wọn. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni ipa ọ̀nà tí ọwọ́ ń tọ̀: tààrà ni ọwọ́ ń lọ, kì í yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Àdá kì í gún nígbà tí a bá fi ojú rẹ̀ ṣá igi. Bí a bá fi ṣóńṣó orí rẹ̀ lọ tààrà, ó gún ún. Àpẹẹrẹ yìí ṣe fún wa ohun tí tellurium àti iodine ṣe fún Mendeleev. Ó kìlọ̀ pé òfin mìíràn lè wà lábẹ́ èyí tí a fi ń tò. Bí ipa ọ̀nà ọwọ́ bá wá di òfin náà lọ́jọ́ kan, àtẹ wa yóò yí padà.

6. Àlàfo Inú Àtẹ

Àpótí ìgbẹ̀yìn nínú àtẹ wa ṣófo. Ìtò wa sọ pé ó yẹ kí irinṣẹ́ kan wà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí a ń gbé lé nǹkan kí a tó fi òòlù lù ú. Ṣé irú rẹ̀ wà?

Ó wà, ó sì wọ́pọ̀. Bí mẹkáníìkì bá fẹ́ lu ọ̀pá irin kúrò nínú ihò rẹ̀, kì í fi òòlù lù ú ní tààrà, kí orí ọ̀pá náà má baà bàjẹ́. Yóò mú ègé pákó kan, yóò fi lé e, yóò sì lu pákó náà. Gbẹ́nàgbẹ́nà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ó bá ń lu igi méjì wọ inú ara wọn. Ègé pákó yìí kò ní orúkọ tirẹ̀. A kì í rà á, a kì í tà á. Kò sí nínú orí 82. Kò sí lábẹ́ Ògún, nítorí pé kì í ṣe irin. Bí iṣẹ́ bá parí, a ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ iṣẹ́ tí kò bá mọ ìgbà tó yẹ kí ó mú un yóò ba nǹkan oníbàárà jẹ́. Ìmọ̀ ńlá ni ó wà nínú ohun tí a kò sọ lórúkọ.

Èbúté náà ní ìbátan rẹ̀. Ní ọdún 1975, ìjọba àpapọ̀ ti ra sìmẹ́ǹtì tó tó ogún mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lókèèrè, nígbà tó jẹ́ pé agbára èbúté Èkó fún gbogbo ẹrù kò ju bí i mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ lọ́dún. Ọkọ̀ òkun tó lé ní irínwó tò sórí omi tí wọ́n ń retí àyè. Ìtàn yìí ni a sábà máa ń sọ gẹ́gẹ́ bí ìtàn ọkọ̀ àti ìwé àdéhùn. Ó tún jẹ́ ìtàn irinṣẹ́. Ìkọ́ ọwọ́, tí òṣìṣẹ́ èbúté káàkiri ayé fi ń fa àpò ọ̀gbọ̀ àti bélì òwú, kò wúlò fún àpò sìmẹ́ǹtì oníbébà, nítorí pé yóò ya. Àpò bẹ́ẹ̀, bí ẹ̀rọ bá gbé e dé ilẹ̀, ọwọ́, èjìká àti orí ènìyàn ló kù tí yóò gbà á. Ẹni tó bá sì ń fi orí ru ẹrù ní ilẹ̀ wa, òṣùká ni yóò kọ́kọ́ fi tẹ́ orí.

Iṣẹ́ kan náà ni òṣùká àti ègé pákó mẹkáníìkì ń ṣe. Àwọn méjèèjì ń wà láàárín agbára àti ohun tí agbára náà lè bàjẹ́. Tẹ́ ni ọ̀rọ̀-ìṣe wọn. Èyí fi hàn pé ìlà kan tún kù tí a kò fà sínú àtẹ wa, ìlà àwọn ohun èlò tí ń dáàbò bo nǹkan. Òṣùká ní orúkọ, pákó kò ní, ṣùgbọ́n àyè kan náà ni ìtò fún wọn.

7. Irinṣẹ́ Tó ń Mú àti Èyí Tó ń Yí

Àtẹ Kìíní kò gba irinṣẹ́ tí kì í gé, tí kì í gún, tí kì í lù. Mú, kọ́, dì, gbé, yí àti tú nílò àtẹ tiwọn. Ìyípadà tó dé bá èbúté ni a fi lè mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní ọdún 1956, Malcom McLean fi ọkọ̀ Ideal X kó àpótí irin láti Newark lọ sí Houston ní Amẹ́ríkà, ètò kọ̀ǹténà sì ti ibẹ̀ gbilẹ̀ káàkiri ayé. Ní ọdún 2006, ibùdó kọ̀ǹténà Àpápá bọ́ sí ọwọ́ APM Terminals nínú ètò tí ìjọba fi gbé iṣẹ́ èbúté fún àwọn aládàáni.

Kírénì kì í kọ́ kọ̀ǹténà bí a ti ń kọ́ àpò. Férémù tó sọ̀kalẹ̀ láti òkè yóò ki ìdè wọ inú ihò igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdè náà yóò yí, yóò sì tì. Ọ̀rọ̀-ìṣe gbígbé ẹrù ti kúrò ní kọ́, ó ti di yí, ó sì ti bá sípánà pàdé nínú àpótí kan náà. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ tó mọ bí a ti ń fi ìkọ́ fa ẹrù kò ní iṣẹ́ mọ́ nínú ètò tuntun yìí. Bí a bá ń ya àtẹ irinṣẹ́ èbúté lónìí, tí a kò sì fi àyè sílẹ̀ fún ìkọ́ ọwọ́, a ti pa ẹ̀rí àwọn tó lò ó rẹ́.

8. Ibi Tí Àfiwé Dé

A kò gbọdọ̀ na àfiwé yìí kọjá ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹ́límẹ́ǹtì méjì kì í jókòó sí àpótí kan; àdá, àáké àti ọkọ́ jọ wà nínú ọ̀kan nínú àtẹ wa. Irin kì í di wúrà nítorí pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló mú un, ṣùgbọ́n bí a bá fi òòlù lu ìdí súkúrúdíráfà, ó ti di ṣísẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Ènìyàn ló ń dá irinṣẹ́, nítorí náà àtẹ rẹ̀ kò lè ní òpin. Ohun tí àtẹ wa ń tò gan-an ni ìlò irinṣẹ́.

9. Àgbálọgbábọ̀

A ti yẹ ìtò mẹ́ta wò. Ìtò Ògún gba gbogbo irin, ó sì kó àwọn oníṣẹ́ jọ, ṣùgbọ́n kò fi àlàfo hàn. Ìtò owó ibodè pé fún iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà nìkan ni ó mọ̀. Ìtò ọ̀rọ̀-ìṣe fi àlàfo hàn wá, nígbà tí a sì wo inú àlàfo náà, a bá ìmọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ iṣẹ́ Ajégúnlẹ̀ ní tààrà. Nínú ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí a mọ̀ sí Trade Test, láti ipele kẹta títí dé ìkíní, a ó bi í léèrè ohun tó mọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ tó wà nínú ìwé olùtajà nìkan ni a fi ń wọn ìmọ̀, ìdajì ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ kò ní sí nínú òṣùwọ̀n. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 lábẹ́ Babátúndé Fáfúnwá ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Kò sí ìdí tí a kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, kí a sì ṣe é pẹ̀lú èdè àwọn ẹ̀yà yòókù tó ń gbé ibẹ̀.

Àbá wa ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ ya àtẹ irinṣẹ́ kọ́kọ́ lọ jókòó sí ibi iṣẹ́, kí ó kọ ọ̀rọ̀-ìṣe sílẹ̀ kí ó tó kọ orúkọ. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ègé pákó mẹkáníìkì ṣì ń retí orúkọ tirẹ̀. Àwọn tó ń lò ó ló yẹ kí wọ́n sọ ọ́.